Mélòó lẹ fẹ́ kùn? Ìfiwéra ọmọ ogun mẹ́rin fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ Warhammer 40,000

Bí mo ṣe ń kọ èyí, oríṣi ọmọ ogun méjì, ère kéékèèké tí wọ́n fi ń ṣe eré ogun, ló gba orí tábìlì ìjẹun wa ní Nottingham. Ogún Necrons tèmi ti parí, wọ́n ń dán bí ọ̀bẹ tuntun. Orks ọmọ mi jẹ́ ogójì, àmọ́ mẹ́tàlá péré ló ní àwọ̀ lára, ìyókù ṣì funfun bí egungun. Ìyàwó mi ti sọ ọ́ pé bó bá di Sátidé tí òun ò bá rí ibi gbé abọ́ ọbẹ̀ lé, inú àpò ìdọ̀tí ni gbogbo wọn ń lọ.

Ẹni tó bá bi àwọn àgbà eré yìí pé ọmọ ogun wo ni kóun kọ́kọ́ rà, èyí tó ń borí lọ́wọ́ ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ fún un. Èmi ò fara mọ́ ọn. Games Workshop tó ni eré náà máa ń tún òfin ṣe léraléra. Wọ́n á gbé póìntì tẹ́nì kan (iye tó ń náni láti kó o wọ eré) sókè, wọ́n á rẹ tẹlòmíràn wálẹ̀, ẹni tó ń nà gbogbo ayé lónìí á sì di ẹni tí wọ́n ń nà kí ẹ tó kùn ún tán. Àwọ̀ tí ẹ fi kùn ún ò ní yí padà ní tiẹ̀. Eré ńlá kan lè gba wákàtí mẹ́ta, ṣùgbọ́n ẹ lè fi odindi oṣù mẹ́ta kun àwọn tí ẹ máa fi ṣe é. Nítorí náà, ohun tí ẹ máa fara dà nídìí búrọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ fi yàn.

Fún ẹni tí kò mọ ohun tí mò ń sọ: ọdún 1975 ni John Peake, Ian Livingstone àti Steve Jackson dá Games Workshop sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nottingham níbí ni ilé-iṣẹ́ náà fìdí sọlẹ̀ sí báyìí. Warhammer 40,000, tí Rick Priestley kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, jáde ní 1987. Ère oníke ni àwọn ọmọ ogun náà, wọn ò ga ju ìka ọwọ́ lọ. Inú férémù ike ni wọ́n ti ń bá a wá, lápá lọ́tọ̀, lẹ́sẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ̀yin lẹ máa gé wọn, tí ẹ máa lẹ̀ wọ́n pọ̀, tí ẹ máa kùn wọ́n, kí ẹ tó fi téèpù àti dáìsì bá ẹlòmíràn jà lórí tábìlì. Eré kékeré tí wọ́n ń pè ní Combat Patrol ò gbà ju tábìlì ínǹṣì 44 sí 30 lọ. Èyí tí wọ́n fi ń díje, tó jẹ́ ti póìntì 2,000, ń gba 44 sí 60. Òfin ẹ̀dà kẹwàá, èyí tó jáde ní 2023, ni mo fi ń ṣe ìṣirò níbí.

Kíkùn gan-an wà nínú òfin. Póìntì ìborí 100 lẹni kan lè ní jù nínú eré kan, mẹ́wàá nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹni tó kun ọmọ ogun rẹ̀ tán. Mo ti fi mẹ́wàá yìí borí ọmọ mi lẹ́ẹ̀mejì. Inú rẹ̀ ò dùn sí i rárá.

Bí àwọn ọmọ ogun kéékèèké wọn ṣe rí nìyí, ẹnì kan sí ẹnì kan:

| | Ìrìn (ínǹṣì) | Líle ara | Ààbò | Ẹ̀mí | Iye nínú àpótí kan |
|---|---|---|---|---|---|
| Necron Warrior | 5 | 4 | 4+ | 1 | 10, pẹ̀lú kòkòrò irin díẹ̀ |
| Ork Boy | 6 | 5 | 5+ | 1 | 10 |
| Custodian Guard | 6 | 6 | 2+ | 3 | 5 |
| Space Marine (Intercessor) | 6 | 4 | 3+ | 2 | 10 |

Ààbò ni nọ́ńbà tí dáìsì gbọ́dọ̀ gbé jáde kí ọta ìbọn má bàa wọlé (4+ ni mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ). Bí nọ́ńbà náà bá ṣe kéré tó ni ààbò ṣe dára tó.

Necrons

Òkú tó di irin ni wọ́n. Bí ìtàn wọn ṣe lọ, ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni wọ́n tẹ́lẹ̀, àìsàn ò jẹ́ kí ẹ̀mí wọn gùn, ni wọ́n bá gbà kí wọ́n kó ọkàn wọn sínú ara irin. Lẹ́yìn náà wọ́n sùn sábẹ́ ilẹ̀ fún ọgọ́ta mílíọ̀nù ọdún. Ìsìnkú àwọn ọba Íjíbítì àtijọ́ ni wọ́n fara wé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe kùn wọ́n, torí pé ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ju àwọn tó kù lọ. Mo to mẹ́wàá sórí páálí, mo fọ́n ọ̀dà alágolo Leadbelcher sí wọn lára, àwọ̀ irin ìbọn ni. Nígbà tó gbẹ, mo fi Nuln Oil, ọ̀dà dúdú tó ṣàn bí omi, pa wọ́n lára látòkè délẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ṣàn lọ sáàárín egungun ìhà àti oríkèé, tí á dúdú síbẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo mú búrọ́ọ̀ṣì ńlá kan tó ti gbó, mo tì í bọ Necron Compound, ọ̀dà aláwọ̀ fàdákà, mo wá nù ún sára bébà títí ó fi dà bíi pé kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀ mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbá wọn láyà, fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, bí ẹní ń gba eruku lára fìlà. Ìgbà ìkẹta tàbí ìkẹrin ni fàdákà bẹ̀rẹ̀ sí í mú ibi tó yọ sókè nìkan, tí egungun ìhà kọ̀ọ̀kan sì yọ síta. Mo pariwo. Ìyàwó mi rò pé mo gé ìka ni.

Ó ku ìbọn wọn. Tesseract Glow, ọ̀dà àwọ̀ ewé tó ń tàn, ni mo fi sínú ọ̀pá ìbọn náà, ó sì tán. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́rin lẹ́yìn iṣẹ́ ni mo fi kun gbogbo ogún wọn. Bí ọwọ́ bá gbọ̀n tí ọ̀dà sì kọjá ààyè rẹ̀, ẹ pè é ní ìpẹtà. Irin tó ti wà nílẹ̀ láti ọgọ́ta mílíọ̀nù ọdún, ta ló retí pé kó mọ́?

Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ojú kan náà ni gbogbo wọn. Kò sí aṣọ, kò sí awọ, kò sí irun. Nígbà tí mo fi máa dé ìkẹẹ̀ẹ́dógún, oorun ti ń kùn mí. Ẹni tó bá ń wá ibi tó ti máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń kun ojú ènìyàn ò ní rí i lọ́dọ̀ wọn. Lórí pápá, wọ́n ń fà bí ìgbín, ínǹṣì márùn-ún péré. Àmọ́ tí ẹ bá pa wọ́n, wọ́n ń dìde. Ní ìparí ìpele àṣẹ wọn, tó jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà tó bá kàn wọ́n, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ti fara gbọgbẹ́ máa ń gba ẹ̀mí kan sí mẹ́ta padà. "Dádì, mo ti pa àwọn yìí!" ni mò ń gbọ́ ní gbogbo ìgbà.

Orks

Orks kì í bímọ, bí olú ni wọ́n ṣe ń hù. Ogun ni eré wọn, eré sì ni ogun wọn. Wọ́n gbà pé ọkọ̀ tí wọ́n bá kùn ní pupa máa ń sáré ju èyí tí wọn ò kùn ní pupa lọ, ó sì máa ń rí bẹ́ẹ̀ nítorí pé wọ́n gbà á gbọ́. Ẹni tó bá ti wọ dánfó tí awakọ̀ rẹ̀ nígbàgbọ́ nínú ohun tó kọ sẹ́yìn ọkọ̀ á mọ irú ọgbọ́n tí mò ń sọ.

Nídìí búrọ́ọ̀ṣì, òdìkejì Necrons ni wọ́n. Ork kan ní awọ ewé, eyín, èékánná, ṣòkòtò, bàtà, bẹ́líìtì, igi, irin àti nǹkan pupa tó so mọ́ èjìká, kò sì sí méjì tó jọra. Ohun tó ń gba ènìyàn ni ọ̀dà Contrast tó jáde ní 2019. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa fi pa á lára. Níbi tó ga á fẹ́lẹ́, níbi tó jìn á ki, òjìji àti ìmọ́lẹ̀ á sì wá papọ̀. Ọmọ mi ń lo Ork Flesh fún awọ, Wyldwood fún igi àti bẹ́líìtì, Skeleton Horde fún eyín. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, ó tó ogójì ìṣẹ́jú fún ọ̀kan, bí kò bá sí fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ wá sọ ọ́ di ọgọ́ta, torí pé Orks tó kún tábìlì ńlá lè kọjá ọgọ́rùn-ún nígbà míì. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹlẹ́dẹ̀ yìí ní ọgọ́ta imú.

Contrast ń fẹ́ ìpìlẹ̀ funfun tàbí eérú. Ibẹ̀ la ti kàgbákò. Oṣù kìíní ọdún ni, òjò ń rọ̀, òtútù ń mú, ọmọ ò sì lè dúró. Mo fọ́n ọ̀dà alágolo sí mẹ́wàá nínú wọn nínú ṣẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí a gbé wọn wọlé, ara wọn rí hóróhóró bíi gàrí Ìjẹ̀bú. Ọ̀rinrin àti òtútù ti ba ọ̀dà náà jẹ́. Bí ẹ bá wà níbi tí ọ̀rinrin tàbí òtútù wà, ẹ rọra fi búrọ́ọ̀ṣì kun ìpìlẹ̀ nínú ilé. Ó pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gàrí.

Dettol ló gbà wá sílẹ̀, èyí tí ìyá wa máa ń kán sínú omi ìwẹ̀ nígbà tá a wà ní kékeré. A rẹ wọ́n sínú rẹ̀ mọ́jú, láìbù omi kún un, a wá fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbó wọn. Ẹ má jẹ́ kí omi kàn wọ́n kí ọ̀dà tó kúrò tán: á di lílẹ̀ bí ọ̀dà títì, ẹ ó sì wà nídìí rẹ̀ di alẹ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ ṣí fèrèsé.

Lórí pápá, kò sẹ́ni tó ń gbádùn eré tó oní-Orks. Lẹ́ẹ̀kan nínú eré, ó lè pe Waaagh!, gbogbo wọn á sáré, wọ́n á sì tún rọ́ luni ní ìṣẹ́jú kan náà. Ọmọ mi máa ń kígbe rẹ̀ tí aládùúgbò á fi kan ògiri. Ìbọn wọn kì í bá nǹkan, 5+ ni wọ́n fi ń ta á, nítorí náà ìkúnwọ́ dáìsì ni wọ́n ń dà, mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló sì ń wúlò nínú rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn ìṣirò tó mọ́ ò ní bá wọn rẹ́.

Custodes

Ẹ̀ṣọ́ Ọba ni wọ́n, wúrà látorí dé ẹsẹ̀, wọ́n wọṣọ bí ẹni ń lọ òde ńlá. Bọ̀dá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ní wọn. Ohun tó fà á mọ́ra ni pé wọn ò pọ̀: márùn-ún ló wà nínú àpótí kan, odindi ọmọ ogun fún tábìlì ńlá lè má tó àádọ́ta. Ọ̀dà alágolo Retributor Armour ni ìpìlẹ̀, Reikland Fleshshade tó pupa rúsúrúsú ni wọ́n fi ń pa á lára kí wúrà náà lè jinlẹ̀.

Tó bá dúró síbẹ̀, ọ̀sán kan lẹ máa fi kun márùn-ún. Kì í dúró síbẹ̀. Ojú á máa wo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn torí pé wọn ò pọ̀, ẹ ó sì rí i pé ìyẹ́ pupa orí akoto ò dán tó, pé òkúta iyebíye àyà wọn ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ni Bọ̀dá ń lò lórí ẹnì kan. Ó ní kò kan ẹnikẹ́ni.

Nínú eré ńkọ́? Wọ́n le pa bí ìjàpá inú ìgbá rẹ̀. Àmọ́ ibi márùn-ún tàbí mẹ́fà ló sábà máa ń wà lórí pápá tí ènìyàn gbọ́dọ̀ dúró sí kó tó rí póìntì, ẹni tó ní ọmọ ogun díẹ̀ ò sì lè wà níbi gbogbo. Bí ọ̀kan bá kú, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára. Èmi ò ní fún ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré. Àgbàlagbà tó fẹ́ràn kíkùn ju jíjà lọ ni mo máa fún.

Space Marines

Àwọn yìí ni gbogbo ayé mọ̀, nítorí náà mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Àwọn ló wà nínú àpótí ńlá tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀dà kẹsàn-án ní 2020, tí àwọn àti Necrons fi kọjú síra, àwọn náà ló tún wà nínú ti ẹ̀dà kẹwàá, pẹ̀lú Tyranids, ọmọ ogun mìíràn. Ìdí nìyẹn tí àlòkù wọn fi wọ́pọ̀. Ara wọn fẹ̀, ó sì tẹ́jú, kò níbi tí àṣìṣe lè sá pamọ́ sí. Bí wọ́n bá jẹ́ aláwọ̀ búlúù, ọ̀dà alágolo Macragge Blue á ṣe ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó rí bíi ti inú àwòrán, ẹ gbọ́dọ̀ fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín fa ìlà ìmọ́lẹ̀ sí etí gbogbo irin ara wọn. Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kó ṣọ́ra.

Ọ̀kan péré ni mo ní, ọ̀gágun tí kò dé akoto. Rhinox Hide ni mo fi kun ojú rẹ̀, mo fi Mournfang Brown gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti imú yọ. Orí rẹ̀ ò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ. Mo di èémí mú, mo fi ṣóńṣó búrọ́ọ̀ṣì kọ pélé mẹ́ta sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lápá ọ̀tún, bíi ti bàbá mi àgbà. Apá òsì ò dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀. Ti bàbá mi àgbà náà ò dọ́gba.

Tí ìbọn bá dún

Ẹ jẹ́ ká ní Space Marines yìnbọn lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlélógún. Dáìsì 24 nìyẹn. 3+ ni wọ́n fi ń ta, nítorí náà bíi 16 ló máa bá a. Agbára ìbọn wọn jẹ́ 4, ó sì ń gé ààbò ẹni tó bá bà kù ní ọ̀kan.

Tó bá jẹ́ Necrons, agbára àti líle ara dọ́gba, 4+ lẹ nílò: mẹ́jọ á wọlé, ààbò wọn á ti di 5+, bíi márùn-ún á ṣubú. Tó bá jẹ́ Orks, líle ara wọn ju agbára ìbọn lọ, 5+ lẹ nílò: bíi márùn-ún á wọlé, ààbò wọn á di 6+, mẹ́rin á ṣubú. Ẹ ò rí i pé Ork kan le pa ju Necron kan lọ, kí Necron tó dìde padà. Ní ti Custodes, bíi márùn-ún náà ló máa wọlé, ṣùgbọ́n 3+ ni ààbò wọn ṣì jẹ́. Bíi méjì péré ló máa dun ẹnì kan, ẹ̀mí mẹ́ta sì ni onítọ̀hún ní. Kò sẹ́ni tó ṣubú. Ìgbà àkọ́kọ́ tí èyí ṣẹlẹ̀ lójú mi, mo béèrè lọ́wọ́ Bọ̀dá bóyá ó ka òfin náà dáadáa.

Èwo ni kí ẹ wá mú?

Bí iṣẹ́ bá ń lé yín, tó jẹ́ pé wákàtí kan lálẹ́ lẹ rí, ẹ mú Necrons. Mi ò tún rí èyí tó sún mọ́ wọn. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé ló fẹ́ ẹ, tó sì lẹ́nìkan tó máa jókòó tì í kun, Orks á dùn mọ́ ọn ju gbogbo wọn lọ, ẹ kàn má rà ju àpótí kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Custodes wà fún ẹni tó ní sùúrù àti ojú tó ríran. Space Marines, tí ẹ bá ti rí àlòkù olówó pọ́ọ́kú.

Kí ẹ tó náwó, ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù Warhammer kan. Wọ́n sábà máa ń fún ẹni tuntun ní ère kan lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á sì fi bí wọ́n ṣe ń kùn ún hàn án níbẹ̀. Bí ẹ bá ti mọ èyí tí ẹ fẹ́, àwọn ṣọ́ọ̀bù tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ náà máa ń dín owó rẹ̀ kù díẹ̀. Ọ̀dà ò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ tiwọn dandan: ìgò Vallejo, ti àwọn ará Sípéènì, ń kán tó-tó-tó, kì í gbẹ sínú ìdérí.

Ẹ má ra ọmọ ogun kejì kí àkọ́kọ́ tó parí. Ọmọ mi ti ní Tyranids lòun fẹ́ fún ọjọ́ ìbí òun. Mo ní kó kọ́kọ́ kun Orks mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tó kù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn, ó ti kun ẹsẹ̀ méjì.